Ohùn Bàbá Tó Wà ní Yàrá Ẹ̀yìn

Ọ̀gbẹ́ni Abdulrahman, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Mahintedo tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Láràárọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi bá ń gbé e bọ̀, ńṣe ló máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú gírígírí, tí yóò sì tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Àwọn ọmọ a máa fi ìwé bo ojú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà báyìí, ẹ̀rù a fò lọ lójú rẹ̀, á wá di ọ̀gá pátápátá.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó fi ẹ̀yìn ti tábìlì, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò retí lẹ́nu ẹni tó ń bẹ̀rù omi.

"Nígbà tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀, ṣé ojú òkun ni bàbá yín kọ́kọ́ gbé yín lọ?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tabitha, ọmọbìnrin kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sí òun lẹ́nu, ló dá a lóhùn pé bàbá tó bá dán irú rẹ̀ wò, kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní omi ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ti ń kọ́ ọ, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kanlẹ̀, nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ òpó.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o," ni olùkọ́ wí. "Ẹ má gbàgbé."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Linux fún wọn. Ó ní púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà nílé wọn ló ti darúgbó, tí Windows tó ń darí wọn sì ti wúwo jù fún wọn. Òun ló fà á tí èèyàn fi lè tan kọ̀ǹpútà, kó lọ fọ aṣọ, kó sá a, kí ojú kọ̀ǹpútà náà tó là. Linux lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Linux kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ bí ẹja inú omi, oníkálukú pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Mint àti Ubuntu rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní àwòrán tí èèyàn lè tẹ̀, ohun tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ sì ti wà nínú wọn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ojú dúdú lásán ni wọn yóò gbé síwájú rẹ, ìwọ ni wàá máa fi ọwọ́ ara rẹ kọ gbogbo àṣẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sọ irú ìyẹn ní Olójú Dúdú. Olùkọ́ ní Olójú Dúdú kò burú o, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló wà fún. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Fún kọ̀ǹpútà àgbà àti ọwọ́ ọmọdé, ó ní Mint ni òun yóò mú.

Ó wá gbé ìka rẹ̀ sókè, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ kọ́kọ́ tan án láti orí fíláàṣì, kí ẹ lò ó wò láìfi ọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù jáde. Mo ní jáde. Sórí fíláàṣì, sórí fóònù, sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá ní fíláàṣì, kó wá yá tèmi."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún wọn pé kí oníkálukú gbé èyí tó bá yàn wá lọ́jọ́ Ajé, kó sì ṣàlàyé ìdí tó fi yàn án. Láàárín wọn ni òun yóò ti mú olórí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tí yóò ṣojú ilé ẹ̀kọ́ níbi ìdíje ní Àkúrẹ́.

Ìtẹ́olúwakìṣí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló sì wọ̀ ọ́ létí. Ìtẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ta ló fẹ́ pe gbogbo gígùn yẹn tán kó tó rán ọmọ níṣẹ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pe orúkọ náà tán, bàbá rẹ̀, Olówòkéré, òun náà ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ní etí òkun tí gbogbo nǹkan ti ń ṣí kúrò lójú kan, ilé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, òun fẹ́ kí ohun kan wà lọ́ọ̀dẹ̀ òun tí kì í ṣí.

Olówòkéré ti kú báyìí. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láàárín Igbókòdá àti Àràròmí, òun náà ló sì máa ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ra láptọ́ọ̀pù àlòkù kan, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ kọ orin àwọn atukọ̀ àtijọ́ sínú rẹ̀, ó ní kí orin náà má bàa bá àwọn àgbà lọ. Àìsàn mú un lọ́jọ́ òjò kan tí ọkọ̀ kankan kò lè gbéra lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Àràròmí ni wọ́n sin ín sí, kò sì pẹ́ tí òkun fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Àwọn ará etí òkun ní àṣà kan. Bí omi bá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ níwájú ilé, wọn a kó ẹrù kúrò ní yàrá iwájú sí yàrá ẹ̀yìn, wọn a sì máa wo ìṣe òkun. Nígbà mìíràn omi a yọ́ padà, ẹrù a sì padà síwájú. Ohun tí Moríkẹ́, ìyá Ìtẹ́, ṣe náà nìyẹn. Ó kó fọ́tò ìgbéyàwó, fóònù ọkọ rẹ̀, aṣọ ọkọ rẹ̀ àti Bíbélì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí sí sínú àpótí, ó gbé e sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ láti Mahintedo pé kó kó àpótí náà wá sọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n Moríkẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo bí ọ̀sẹ̀ yẹn yóò ṣe rí. Òkun kò yọ́ padà. Ó kó yàrá iwájú, ó kó yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé sàréè Olówòkéré lọ pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tó là nínú ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà, òun náà sì là nítorí pé kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn ni. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Igbókòdá.

Ìtẹ́ mọ gbogbo ìtàn yìí. Ó wà níbẹ̀, ó dúró lórí yanrìn, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tó ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mahintedo ni wọ́n wá ń gbé, nínú ilé pákó kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ fún wọn, tí Moríkẹ́ sì ń hun ẹní tà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìtẹ́ a ṣí láptọ́ọ̀pù náà, ohùn bàbá rẹ̀ a sì jáde. Á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe, kó tó lé orin. Èyí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù ni orin atukọ̀ kan tó jẹ́ pé ńṣe ni bàbá máa ń ka orúkọ àwọn abúlé etí omi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí òkun ti gbé mì, tí ìyá á sì máa gbè é láti orí ẹní tó ń hun: "A ó gúnlẹ̀ o, a ó gúnlẹ̀." Níparí orin, lẹ́yìn abúlé tó kẹ́yìn, bàbá a pe orúkọ ọmọ rẹ̀ pé pérépéré, Ìtẹ́olúwakìṣí, bí ẹni pé òun náà jẹ́ èbúté kan. Moríkẹ́ kò ní sàréè tó lè lọ dúró sí. Níbi orin yẹn ló ti ń bá ọkọ rẹ̀ pàdé.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Linux lábẹ́ igi àgbọn. Godwin, ọmọkùnrin kíláàsì wọn kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ epo ní Wárì, ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Olójú Dúdú ló wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tí ẹni tó lọ́pọlọ ń fi Mint ṣe.

"Bí ìwọ àti Tabitha bá gbé Mint wá lọ́jọ́ Ajé, ẹ gbé tíì dání pẹ̀lú," ó wí fún Ìtẹ́. "Nǹkan ìyá àgbà ni. Ọmọ tó ń gbapò kìíní nínú kọ̀ǹpútà, kó wá máa lo ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Tabitha ní tíì dára fún ara, ó sì lọ yá fíláàṣì lọ́wọ́ olùkọ́. Ká ní Ìtẹ́ náà fi ṣe ẹ̀rín bíi ti Tabitha, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un. Òun ló fẹ́ jẹ́ olórí ẹgbẹ́, òun ló fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó tẹ̀ lé Godwin, ó ní kó yá òun ní fíláàṣì tirẹ̀, èyí tí Olójú Dúdú wà lórí rẹ̀.

"Ó máa bi ẹ́ ní ìbéèrè," ni Godwin wí fún un. "Ibi tó bá ti bi ẹ́, 'bẹ́ẹ̀ ni' ni kó o máa dáhùn."

Ohun tí Godwin kò sọ ni pé òun alára kò dáhùn ìbéèrè kankan rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀ tán ní Wárì kó tó gbé kọ̀ǹpútà náà fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Moríkẹ́ di ẹní rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá. Ìtẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù sórí àpótí, ó jókòó ti ẹnu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kò gbàgbé orin bàbá rẹ̀, ẹ má ṣì í gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó mọ̀ pé olùkọ́ ní kí wọ́n kó nǹkan jáde, ṣùgbọ́n fíláàṣì kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Olójú Dúdú ló gbà á. Bó bá lọ yá ti olùkọ́, olùkọ́ yóò béèrè èyí tó yàn, yóò sì bá a wí. Bó bá lọ sọ́dọ̀ Tabitha, Tabitha yóò rẹ́rìn-ín. Ó wá wo inú kọ̀ǹpútà náà, ó rí i pé ibi méjì ni wọ́n ń kó nǹkan sí nínú rẹ̀, C àti D. C ni Windows wà, ibẹ̀ náà ni orin wà. Kò sí nǹkan kan nínú D.

Lójú ọmọ etí òkun, C ni yàrá iwájú, D ni yàrá ẹ̀yìn. Ó kó gbogbo orin bàbá rẹ̀ kúrò ní C, ó kó o sí D, ó yẹ̀ ẹ́ wò pé ó pé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó tan án. Kò dán an wò láti orí fíláàṣì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti wí. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé ibi kan tí ó ti bi í bóyá kó pa gbogbo ohun tó wà nínú díísìkì rẹ́. Ìka rẹ̀ dúró. Ó ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ "gbogbo" yẹn kò sì bá a lára mu. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé yàrá iwájú ló ń bá òun sọ, òun kò sì ní nǹkan kan ní yàrá iwájú mọ́. Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó parí, ojú dúdú náà yọ, pẹ̀lú àmì funfun kékeré kan tó ń ṣẹ́jú ní igun, tó ń retí àṣẹ. Ìtẹ́ kò mọ àṣẹ kankan. Ó wá D, kò rí i. Ó rò pé ó wà níbì kan tí òun kò mọ ọ̀nà rẹ̀ ni. Ó pe Godwin lórí fóònù aládùúgbò, Godwin ní òun yóò bi ẹ̀gbọ́n òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé ìpè mọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní, ó jókòó, ó ń retí. Ìtẹ́ ní iná ti tán nínú láptọ́ọ̀pù. Moríkẹ́ ní kò burú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ń fi imú kọ orin náà bó ṣe ń hun ẹní. Ìtẹ́ bọ́ síta. Ìtìjú bò ó tó fi jẹ́ pé kò lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, kò gbé kọ̀ǹpútà wá sílé ẹ̀kọ́. Tabitha gbé Mint rẹ̀ jáde, ó ṣàlàyé bí òun ṣe lò ó láti orí fíláàṣì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ kí òun tó gbé e wọlé, kò sì sí ohun kan tó sọnù nínú ohun tó ní. Olùkọ́ fi í ṣe olórí ẹgbẹ́. Ìtẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bó bá ti délé, á tún gbé Olójú Dúdú wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀, á yí ìdáhùn padà, bóyá D yóò yọjú. Ó gba Windows lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní èbúté, ó gbé ìyẹn náà wọlé. D yọ lóòótọ́ nígbà yẹn. Òfìfo ni.

Ọjọ́ Ìsinmi tún dé. Kí Ìtẹ́ tó ronú irọ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ ti gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ sí ilé aládùúgbò tó ní sólà. Ó jókòó tì í nínú oòrùn títí iná fi kún un, ó fi ìborí rẹ̀ nu eruku ojú rẹ̀, ó gbé e padà wá, ó gbé e sí itan ọmọ rẹ̀.

"Iná ti wà nínú ẹ̀ báyìí," ó wí. "Pe bàbá rẹ fún mi."

Ìtẹ́ ní ó ti bàjẹ́, ó fẹ́ àtúnṣe, òun yóò gbé e lọ fún olùkọ́. Ìyá rẹ̀ kò bínú. Ó kàn ń wo láptọ́ọ̀pù náà, ó sì béèrè bóyá yóò yá. Ọ̀rọ̀ yìí ló fọ́ Ìtẹ́ lọ́kàn ju ohunkóhun lọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ fún wa pé ojú ẹni tó gbà ẹ́ gbọ́ ni ìjìyà irọ́ wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Abdulrahman, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Olùkọ́ kò bú u. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń fi onírúurú ọgbọ́n wá ohun tó sọnù. Ìtẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń gbàdúrà. Ó dọ̀sán, ó dìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé olùkọ́ lọ sílé sì ti gbéra. Nígbà tó yá, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"C àti D tí o rí yẹn, díísìkì kan ṣoṣo ni," ó wí jẹ́ẹ́. "Ilé kan ni, wọ́n kàn mọ ògiri sí i láàárín ni. Ọ̀rọ̀ 'gbogbo' tó bi ẹ́, ilé náà ló ń sọ."

"Sà, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè rí díẹ̀ yọ? Ẹyọ orin kan péré."

"Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ká ní o pa iná kọ̀ǹpútà náà, tí o gbé e wá, ó ṣeé ṣe ká rí nǹkan yọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o tún ń gbé nǹkan wọlé, orí ohùn bàbá rẹ lo ń dà á lé. Lọ sọ fún màmá rẹ lónìí. Má jẹ́ kí wọ́n máa lọ gba iná sí i mọ́."

Ìtẹ́ bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní tó ń hun. Oòrùn ti ń wọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ọkọ̀ ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, kò bàjẹ́. Orin bàbá mi ti lọ, èmi ni mo pa á rẹ́. Irọ́ ni mo ń pa fún yín láti ọjọ́ yìí."

Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Ó sọ ti Godwin, ó sọ ti Mint, ó sọ bí òun kò ṣe fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Moríkẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní díísìkì, kò sì béèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Kí o tó ṣe é, ibo lo kó o sí?"

"Yàrá ẹ̀yìn, Màámi. Nínú kọ̀ǹpútà náà, ibì kan wà tó dà bí yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo kó o sí."

Ọwọ́ Moríkẹ́ dúró lórí ẹní. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, yàrá ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń pe orúkọ ẹni tó mọ̀ dáadáa.

"Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ," ó wí. "Ọma mi, mo rò pé òkun á ti kọ́ ẹ ju bí mo ṣe kọ́ ẹ lọ."

Kò pariwo, kò na ọmọ rẹ̀. Ìbá sàn fún Ìtẹ́ ká ní ó nà án. Ó dìde, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri, ó sì sunkún bó ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan kò hun ẹní. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó jáde wá, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé òun kò rántí dáadáa mọ́ bí ọkọ òun ṣe máa ń wúkọ́ kó tó lé orin. Ó ní òun ń gbìyànjú rẹ̀, ikọ́ ẹlòmíràn ló ń jáde. Ìtẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Moríkẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Omi ló dànù," ó wí nígbà tó yá. "Agbè ò fọ́. Dìde."

Agbè kò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n tún ń pọn. Godwin wá bẹ Ìtẹ́, ojú sì tì í gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ti padà sí Mint, kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni. Mint náà ni Ìtẹ́ ń lò báyìí lórí láptọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lò ó láti orí fíláàṣì, ó fara balẹ̀ kọ́ ọ, kọ̀ǹpútà àgbà náà sì ń yára bí ọ̀dọ́. Ó dára púpọ̀. Òfìfo ni inú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ń wọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ní táàmù tó tẹ̀ lé e, Tabitha ní kí Ìtẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yan Linux. Ohun tó sọ fún wọn kò gùn. Ó ní kí wọ́n yan èyí tí ọwọ́ wọn ká, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni yàn fún wọn, nítorí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í bá èèyàn sunkún. Ó ní kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí fífi í pamọ́ ló ń sọ ọ́ di àdánù. Ọ̀rọ̀ tó fi kẹ́yìn ni pé ohun téèyàn kò lè rí rà, kò gbọdọ̀ wà nínú ilé kan ṣoṣo, bó ti wù kí yàrá ilé náà pọ̀ tó. Ọmọ kékeré kan béèrè ohun tí Ìtẹ́ pàdánù. Ó ní orin ni, ó sì jókòó.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, bí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Moríkẹ́ tẹ́ ẹní. Ó yá fóònù aládùúgbò, ó ní kí ọmọ rẹ̀ fi gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀, kó kó o sí kọ̀ǹpútà, kó kó o fún Tabitha pẹ̀lú.

"Lé e, Ìtẹ́olúwakìṣí," ó wí.

Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ àfi ohùn inú láptọ́ọ̀pù yẹn. Ó lé orin náà, ó pe Àràròmí, ìyá rẹ̀ gbè é. Ó pe abúlé tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ gbè é. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rántí mọ́. Nígbà tí ẹni tó ń lé orin ṣì wà, ta ló ń kọ́ lílé? Ègbè ni gbogbo wọn mọ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò rántí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀ níwọ̀n ibi tí ohùn bàbá yóò ti gba kọjá, ìyá rẹ̀ sì gbè é bákan náà: "A ó gúnlẹ̀ o, a ó gúnlẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí orin náà fi parí.